Sípánà Lọ́wọ́ Olùgbọ́ Orin

Gbọ́-kó-o-tó-tú ni wọ́n ń pè é, fíríìjì ló ń tún ṣe. Bí oníbàárà bá ń kánjú pé kó tètè tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ohun tó máa ń fi dá a lóhùn nìyẹn, ló bá di orúkọ mọ́ ọn lára. Yóò gbé etí lé fíríìjì, yóò dijú, yóò sì dárúkọ àrùn. Kì í ṣì í sọ.

Fíríìjì nìkan ló mọ̀ ọ́n gbọ́. Bó bá di ti orin, oorun ni.

Oorun yìí ló da ilé rú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó ti ń fi ẹ̀rọ oníná ṣe orin láti ogójì ọdún, gbé àwo tuntun wá kí wọ́n gbọ́ ọ. Gbọ́-kó-o-tó-tú sùn. Sísùn nìkan ì bá sàn, ó tún hanrun. Olórin ní òun ò mọ̀ pé ẹni méjì ló ń kọ ọ́. Ó ká wáyà rẹ̀, ó lọ, kò sì tẹ ẹnu ọ̀nà wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó ò ní ẹlòmíì tí wọ́n jọ mu ọmú ìyá kan náà.

Nígbà tó wá ránṣẹ́ pé òun ń gbé àwo mìíràn bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ìyàwó pe ọkọ rẹ̀ sí ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Bàbá àwọn ọmọ, bí ẹ bá sùn lónìí, ṣọ́ọ̀bù lẹ ti máa jí."

"Mo gbọ́."

"Bí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ ṣáà ní ó jinlẹ̀."

"Kànga náà jinlẹ̀."

"Ẹ ò ní dárúkọ kànga!"

Gbọ́-kó-o-tó-tú mú sípánà kékeré kan, ó jókòó, ó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá apá àga. Bí oorun bá gbé e, ọwọ́ á tú, irin á bọ́ lu ilẹ̀, òun á jí.

Olórin dé. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Ó gbé sípíkà méjì kalẹ̀.

"Ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́rin ni," ó wí. "Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ìlù. Ojú òfuurufú la máa rìn. A kì í dá a dúró o. Ẹni tó bá dá a dúró, ibi tí a ti gbéra la máa padà sí."

Orin bẹ̀rẹ̀: wùùù. Nígbà tó pẹ́, ó di wìììn. Ó tún padà di wùùù. Ìyàwó ń mi orí.

"Bùọ̀dá mi, ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" ìyàwó bi í.

"A ti lo ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá."

"Háà. Ó jinlẹ̀."

Sípánà bọ́. Olórin la ojú. "Kí nìyẹn?"

"Ayọ̀ ni," ìyàwó wí.

Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógún, ohùn kan wọlé lábẹ́ àwọn yòókù. Ó ki, ó ń kùn, ó sì ń gbọ̀n. Gbọ́-kó-o-tó-tú dìde, ó lọ gbé etí lé sípíkà.

"Ẹ dá a dúró."

"A kì í dá a dúró!" Ìyàwó ló sọ ọ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lanu.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi ṣe eléyìí?"

Olórin rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mi ò fi nǹkan kan ṣe é. Fúnra rẹ̀ ló wá. Ohùn ìràwọ̀ ni mo pè é."

"Rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀rọ fíríìjì ni. Ó ti jẹ. Ẹsẹ̀ kan péré."

"Mo gbé!" Ìyàwó káwọ́ lérí.

"Fíríìjì wo?" Ojú olórin ti yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí wáyà.

"Ó máa kú báyìí." Gbọ́-kó-o-tó-tú ka ìka mẹ́ta. Ohùn náà sọ kítí, ó dákẹ́. "Inú fíríìjì ti tutù tó. Yóò tún dìde."

Ìyàwó ń wo ọwọ́ tó wà lórí wáyà.

"Ògiri kan ló wà láàárín yàrá orin mi àti ìdáná," olórin wí níkẹyìn. "Ó tó ogójì ènìyàn tó ti gbọ́ àwo yìí. Gbogbo wọn ní ó jinlẹ̀." Ó wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ. Àna mi, orin náà fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Nǹkan kan ò ṣe orin. Fíríìjì ló ń ṣàìsàn."

Olórin bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá sípíkà mú. Ó fi wáyà sílẹ̀.

"Ó lè lo oṣù kan sí i," Gbọ́-kó-o-tó-tú wí. Ó ti ń wá àpò irinṣẹ́ rẹ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn, ẹran yín á rà."

"Ẹ má tíì tún un ṣe o! Mi ò tíì gba ohùn apá kejì sílẹ̀!"

"Mo máa pààrọ̀ rọ́bà. Bó bá jẹ́ pé gbígbọ̀n lẹ fẹ́, mo máa bá yín tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀."

"Díẹ̀ bí i báwo?"

"Títí yóò fi jinlẹ̀."

Olórin gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀.

"Ta ló wá máa gbọ́ ìyókù?" ìyàwó pariwo. "Ó ku ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta!"

"A kì í dá a dúró," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Gbọ́-kó-o-tó-tú mú ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga. Ó fi sípánà lé e lọ́wọ́, ó bá a na ọwọ́ náà kọjá apá àga, ó sì jáde.