Igi Gúáfà Tí Fọlárìn Gé

Aṣọ tí a bá fẹ́ rán, kíká sí méjì ni à ń ká a kí a tó ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, torí ọ̀tún ènìyàn kì í ju òsì rẹ̀ lọ. Fọlárìn, aránṣọ ní àdúgbò Dowa, mọ èyí dé ìdí. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ kan wà tí kì í ká. Yóò tẹ́ ẹ gbalaja sórí tábìlì, yóò gé ọ̀tún lọ́tọ̀, yóò gé òsì lọ́tọ̀, yóò sì ki òwú sí èjìká kan kí ó lè ga bá èkejì. Aṣọ Victoire, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nìyẹn.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Victoire lọ́dún 1966. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tín-ín-rín, ó kúrú ju ọ̀tún lọ, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọ́ sí apá kan. Bí ó bá jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó fi ń tẹ̀wé ní búrò, ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìrora á máa ta á láti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nígbàkígbà tí bàbá rẹ̀ bá ń wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ má bínú, Bàbá. Ká ní mo gbọ́rọ̀ ni, ẹ ò ní máa ṣe wàhálà báyìí." Fọlárìn á ti abẹ́rẹ́ bọ ẹnu, bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ni kò jẹ́ kí òun fèsì.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Victoire nígbà tí ibà mú un. Adérónkẹ́, ìyá rẹ̀, ń lọ ná ọjà Avrankou fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó sì kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀: "Bí ara ọmọ yìí bá ṣì gbóná lọ́la, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn o. Ẹ má jẹ́ kí Amidou fọwọ́ kàn án." Amidou ni ọkùnrin tó ń gbé abẹ́rẹ́ sínú agolo kiri, tó ń gún ẹni tó yá àti ẹni tí kò yá. Ṣùgbọ́n ìkórè ku ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ mọ́kànlá wà nílẹ̀, títò nílé ìwòsàn sì ń jẹ odindi ọjọ́. Fọlárìn ránṣẹ́ pe Amidou. Ọmọ kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí abẹ́rẹ́ wọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ibà ti lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò gbéra mọ́.

Ìyá ọmọ ń bọ̀, ẹ̀rù sì ba ọkùnrin náà. Ó rántí pé ọmọ ti já bọ́ láti orí igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjábọ́ tí kò ju kó gbọn eruku nù lọ. "Igi tí mo ní kó má gùn ló gùn." Bó ṣe wí nìyẹn. Kí irọ́ náà lè dúró dáadáa, ó gé igi náà. Ẹ ò rí ọkùnrin tó fi àáké ti irọ́ lẹ́yìn!

Adérónkẹ́ gbà á gbọ́. Títí ó fi kú lọ́dún 1964, kò yé bá ọmọ náà wí: "Àìgbọràn ló sọ ọ́ dà báyìí." Victoire náà gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lé àwọn ọmọ àdúgbò kúrò lórí igi yòówù: "Ẹ wò mí kẹ́ ẹ tó gùn ún!" Fọlárìn á gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ojú á tì í, á sì máa fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti Fọlárìn kò tiẹ̀ pé ogún. Nígbà tí ìrora náà ń pelékè, bàbá àti ọmọ lọ bá dókítà kan tí kò gbọ́ ju Faransé lọ. Ó wo fọ́tò egungun, ó fi nǹkan ha àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, Victoire ò mọ̀ ọ́n lára. Dókítà béèrè ọ̀rọ̀ kan, Victoire sì túmọ̀ fún bàbá rẹ̀: "Ó ní kò jọ ìṣubú. Ó ní ṣé wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní ìdí rí, kí ẹsẹ̀ yìí tó kú." Kò dúró gba èsì. Ó rẹ́rìn-ín sí dókítà, ó ní, "Nọ̀n," pé rárá, ó fọwọ́ júwe igi, ó sì fa ara rẹ̀ létí bí ọmọ aláìgbọràn.

Dókítà mú kálámù. Fọlárìn mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, irọ́ ti wọ ìwé nìyẹn, ọmọ òun á sì gbé ẹ̀bi òun títí dé sàréè. Faransé tó gbọ́ ò ju ẹyọ méjì lọ. Ó mú èyí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni níbẹ̀.

"Wí, dókítà. Wí." Ó kọjú sí ọmọ. "Abẹ́rẹ́ ni, Victoire. Èmi ni mo pe Amidou. Igi ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Victoire túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Ó tún túmọ̀ ohun tí dókítà sọ fún bàbá rẹ̀: abẹ́rẹ́ ló ba iṣan ńlá jẹ́, ẹsẹ̀ náà kò dàgbà bí èkejì, ìbàdí tẹ̀, ẹ̀yìn sì ń wọ́ kí ara lè dúró. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn á dín ìrora kù. "Ó ní ká ní wọ́n ti mọ̀ láti kékeré mi, bàtà yẹn ì bá má jẹ́ kó wọ́ tó báyìí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó dúró kí bàbá rẹ̀ wọn òun fún aṣọ ìkórè. Fọlárìn wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó ń retí "ẹ má bínú" tó máa ń gbọ́. Kò gbọ́ ọ. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Má bínú, ọmọ mi."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," Victoire dáhùn. "Màmá ńkọ́? Ta ló máa sọ fún wọn?"