Orí Màmá Mi Kò Gba Ọwọ́ Mìíràn

Ní Arákàlẹ̀ tí a ń gbé ní Àkúrẹ́, tí èèyàn bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó sì ṣí gèlè, ẹnìkan á ti máa wá ìyarun. Onídìrí pọ̀ ládùúgbò wa tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí oṣù bá ti parí, màmá mi á wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ dirun. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ń gbé níbẹ̀, tí àwa ọmọ ń pè ní Màmá Oǹdó, nìkan ni wọ́n ń gbé orí fún.

Ìyá tó bí àwọn méjèèjì ti kú nígbà tí màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Màmá Oǹdó, tí kò tíì ju ọmọdébìnrin lọ nígbà náà, ló gba orí àbúrò wọn. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń yà á, wọ́n ń dì í. Irun tó bá já sílẹ̀, wọ́n á ṣà á jọ sínú bébà, wọ́n á sì jù ú sí ṣáláńgá kí ọwọ́ ẹni ibi má baà tẹ̀ ẹ́. Màmá mi dàgbà, wọ́n di tíṣà, wọ́n ń ka Bíbélì fún gbogbo ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ mìíràn tó gbọdọ̀ kan irun wọn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn gan-an, ìtú nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí n bá wọn tú u.

Nígbà tó yá, ìlú le. Ìjọba ológun ló wà lórí wa, àwọn tíṣà ń ṣiṣẹ́ láìrí owó oṣù gbà, epo bẹntiróòlù sì wọ́n bí ojú. Ní gáréèjì, èrò ló ń dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ kì í dúró de èrò mọ́. Oṣù kan kọjá, òmíràn tún kọjá, kọ̀lẹ́sẹ̀ orí màmá mi sì gbó títí ó fi rí wúruwùru. Nígbà tí a gbọ́ pé ọkọ̀ ti ń rí epo, inú wọn dùn débi pé alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí n tú irun náà, kí ẹ̀gbọ́n wọn má baà fi ìtú irun ṣòfò àkókò.

Ọjọ́ kejì ni èmi àti wọn wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, ṣùgbọ́n epo tán lọ́nà. Bọ́lọ́rundúró ni ọkọ̀ náà kú sí, awakọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sì bá ọ̀nà oko kan lọ. A jókòó sábẹ́ igi kòkó títí oòrùn fi yẹ̀ lórí wa, inú ń bí mi sí awakọ̀, ó ń bí mi sí ìjọba, ó sì ń bí mi díẹ̀ sí màmá mi náà. Wọ́n kàn ń fọwọ́ di gèlè mú kí atẹ́gùn má ṣí i.

Orí ẹní la ti bá Màmá Oǹdó. Ẹnu wọn ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sì gbé mọ́. Àwọn ará ilé ti rán awakọ̀ kan sí wa, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà kò rí epo rà. Màmá mi figbe ta. Ẹ̀gbọ́n wọn fi ahọ́n tó wúwo dá wọn lóhùn:

“Má sunkún. Ṣé o ti tú u? Wá jókòó.”

A fi ìrọ̀rí ti Màmá Oǹdó mọ́ ògiri. Màmá mi jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe máa ń jókòó láti kékeré. Màmá Oǹdó fi ọwọ́ òsì mú ìyarun, ó bọ́. Wọ́n tún mú un, ó tún bọ́.

“Ọma mi,” wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, “bá mi di apá ibí mú.”

Mo dì í mú. A di ìlà kan, ó wọ́ kọjá orí màmá mi bí ọ̀nà ewúrẹ́. Màmá mi fọwọ́ tọ́ ọ wò.

“Ó dáa gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Kò tiẹ̀ dùn mí.”

Obìnrin tó máa ń tú odindi orí nítorí ìlà kan tó wọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún! Màmá Oǹdó gbé ìyarun sílẹ̀.

“Lọ wá ẹlòmíràn.”

“Kò sí ẹlòmíràn,” ni màmá mi wí.

A padà sí Àkúrẹ́. Gèlè ni màmá mi ń wé lọ sí iléèwé, gèlè ni wọ́n ń wé sùn. Lábẹ́ rẹ̀, irun náà lọ́ pọ̀, ó ta kókó, ó ń yún wọn. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ wọn ní àwọn á bá wọn dì í, wọ́n dúpẹ́, wọn ò gbà. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ní Sátidé kan wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì gbé sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́.

“Gé e. Kí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó padà sípò, òun náà á ti hù.”

Mo gé e, omi ń dà lójú mi, títí ó fi kù bíńtín.

Aládùúgbò wa kan tó ń pọnmi ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó gbé korobá sílẹ̀.

“Yèé! Ta ló kú l'ulé yín?”

Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, obìnrin tó bá gé irun kanlẹ̀, òkú ló sin. Bàbá mi sì wà ní pálọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ rédíò. Màmá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró lójijì. Wọ́n wọlé lọ wé gèlè.

“Màmá Oǹdó ò gbọdọ̀ rí i,” wọ́n sọ fún mi. “Wọ́n á rò pé mo ti sọ ìrètí nù.”

Nígbà tí a tún rí ọkọ̀, wọ́n fi píìnì há gèlè náà yíká. Ara Màmá Oǹdó ti yá díẹ̀. Wọ́n lè jókòó fúnra wọn, ojú wọn sì mọ́lẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí ẹsẹ̀ àga kan tí wọ́n so ìko mọ́ bí irun orí. Wọ́n ti dì í láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ará ilé sọ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ òsì dì í, tí wọ́n ń fi eyín di ìdí rẹ̀ mú. Ìlà tó kẹ́yìn gún régé.

“Wá jókòó,” ni wọ́n wí, ẹ̀rín ń bọ́ ní ẹnu wíwọ́ yẹn. “Ṣí gèlè.”

Màmá mi ní orí ń fọ́ àwọn. Wọ́n ní ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ̀ lè lọ. Wọ́n wojú mi. Màmá Oǹdó rẹ́rìn-ín sí gbogbo rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ òsì náà, tó ti yá báyìí, wọ́n sì fa gèlè yẹn já.

Ojú Màmá Oǹdó bọ́ sórí irun tí a ti gé kanlẹ̀.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbọ́ ná. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

Màmá mi ṣàlàyé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá Oǹdó kò gbọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wọn tó wà lórí itan ni wọ́n tẹjú mọ́, bí ẹni tó ń wo òkú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra fi ọwọ́ òsì pa orí àbúrò wọn, wọ́n sì kí i bí a ṣe ń kí ọlọ́fọ̀.

“Ará fẹ́ra kù o, àbúrò mi.”