Kọ́tìnnì Màmá Ìjẹ̀gùn

Òdòdó kọ́tìnnì ló kọ́kọ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó mọ́ kedere débi pé mo rí òwú tí wọ́n fi rán etí ẹ̀, àmọ́ ojú Màmá tó jókòó níwájú kọ́tìnnì yẹn rí bàìbàì bí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn èéfín. Mo ṣí fọ́tò tó tẹ̀ lé e. Bákan náà ni. Gbogbo ẹ̀ pátá! Ọ̀gá mi, Àǹtí Kúdí, dúró lẹ́yìn mi.

"Básírá, ta ló ní kó o lọ ya kọ́tìnnì?"

"Màmá ni mo yà, mà."

"Màmá dà?"

Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí o, torí mo ti gba fírídọ̀mù, ọ̀gá mi ti tú mi sílẹ̀ tàdúràtàdúrà, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìgándò, orúkọ mi wà lára pátákó ẹ̀, ẹ bá mi yọ̀ o! Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Ìyá Kàmọ́rù wá bá wa ní sítúdíò ní Ìkọ̀tún. Ìyá wọn ń ṣàìsàn ní Ìjẹ̀gùn, dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sílé. Iná ti jó ilé wọn rí, gbogbo fọ́tò Màmá ló bá a lọ. Màmá ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi fóònù ya àwọn, wọ́n ní ẹni tó mọṣẹ́ ni kó wá. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, ẹni tó bá kú láàárọ̀ lè má di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó sin ín. Ìgbà wo lèèyàn fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá fọ́tò? Ìyá Kàmọ́rù ò tiẹ̀ sunkún. Wọ́n kàn ní, "Ẹ bá mi mú ojú ẹ̀ dúró."

Àǹtí Kúdí ní kí n lọ. Èmi nìkan, fún ìgbà àkọ́kọ́! Inú mi dùn débi pé mi ò rántí jẹun. Mo gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, mo fi híjáàbù bò ó mọ́ ikùn kí eruku má bàa kàn án, kí olè má bàa rí i, mo bá gun ọ̀kadà. Ẹ mọ títì yẹn jàre. Ihò kan ń gbà wá lọ́wọ́ òmíì, kámẹ́rà ń gbá mi níkùn, mo dì í mú pinpin, mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Mo bá Màmá lórí àga níwájú wíńdò, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lé tìróò. Mo yà wọ́n, mo yà wọ́n, mo padà sí Ìkọ̀tún pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ibo lo gbé kámẹ́rà sí lójú ọ̀nà?" Àǹtí Kúdí bi mí.

"Abẹ́ híjáàbù mà, lórí ọ̀kadà."

Tẹ́ ẹ bá fojú sí kámẹ́rà, àpótí pupa kékeré kan wà nínú ẹ̀. Ohun tó bá bọ́ sínú àpótí yẹn ni kámẹ́rà máa mú kó mọ́, ìyókù lè rí bàìbàì. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn tí wọ́n fi ń gbé àpótí yẹn kiri. Àǹtí Kúdí gbé e sáàárín, wọ́n ní kí n fi híjáàbù bo kámẹ́rà, kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí n máa fò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Bàbá kan tó wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tì ń wò mí.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò sí nǹkan sà, Ìjẹ̀gùn ló ń lọ," Àǹtí Kúdí dá a lóhùn.

Nígbà tí mo yọ kámẹ́rà, àpótí pupa ti sá lọ sí igun òkè. Ikùn mi ló ń tẹ bọ́tìnnì! Àǹtí Kúdí wá fi ibi tí wọ́n ń yí hàn mí, tó máa ti bọ́tìnnì yẹn pa.

"Gbé e sáàárín, kó o tì í. Wá àpótí ná, kó o tó wá ojú. Tó o bá yà á tán, mú un tóbi títí wàá fi rí irun ìpéǹpéjú. Ó yá, padà lọ."

Mo pe Ìyá Kàmọ́rù, wọn ò gbé e. Mo tún pè, fóònù ti kú. Mo ti bọ́tìnnì pa, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀gùn, sálúbàtà kún ẹnu ọ̀nà, ohùn àfáà ń ké Kùránì nínú ilé. Mi ò lè wọlé. Ìyá Kàmọ́rù bá jáde, ojú wọn pọ́n.

"Wọlé jàre, wọ́n ti ń béèrè fọ́tò wọn."

Àwọn tó wá kí aláìsàn ló ni bàtà. Màmá ò lè jókòó mọ́, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé orí wọn sókè, ohùn wọn ti tín-ín-rín bí òwú.

"Ìwọ tún ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ti àárọ̀ ò dáa. Kọ́tìnnì yín ló jáde."

Màmá rọra yíjú wo kọ́tìnnì. "Ó ti pẹ́ tó ti ń jowú mi."

Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Àfáà gan-an dákẹ́, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo wá àpótí pupa, ó wà láàárín digbí, mo gbé e lé ẹyinjú wọn, mo tẹ̀ ẹ́. Mo mú un tóbi, mo rí tìróò, mo rí irun ìpéǹpéjú. Mo gbé e fún Màmá wò. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Mo ti rù o." Wọ́n tún wò ó. "Àmọ́ èmi ni."

Màmá ò lo ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Ọjọ́ tí wọ́n kú náà ni wọ́n sin wọ́n. Àbúrò wọn tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ilẹ̀ tí wọ́n ti bò ló bá. Ó jókòó, ó gbé fọ́tò yẹn lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ fírídọ̀mù mi, Ìyá Kàmọ́rù wá, wọ́n na ọ̀rá kan sí mi. Mo tú u. Kọ́tìnnì olódòdó yẹn ni!

"Màmá ló ní kí n gbé e fún ẹ kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní kó o máa ta á sẹ́yìn àwọn èèyàn."

Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ló wà báyìí. Iwájú ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá wá ń jókòó sí. Mo máa wá àpótí pupa, mo máa gbé e sójú èèyàn. Kọ́tìnnì á wà lẹ́yìn, á rí bàìbàì, èèyàn á mọ́ kedere.