Ọ̀nà Bìní àti Géèmù tí Kò Lọ Síwájú

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Ìbídùn, ọmọ mi obìnrin, jáde nílé wa ní Odígbó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ikọ́ fée sì ti ń bá a jà láti kékeré. Mo fi ìborùn mi wé e lórí dé imú nítorí ìrì, mo wọ̀ ọ́ ní súwẹ́tà méjì, mo sì ki ike kékeré tí ó máa ń fà sẹ́nu nígbà tí èémí bá há a bọ inú kọ́mú mi. Kí a tó kúrò ní yàrá, mo mì ín wò létí. Oògùn tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìfà mélòó kan lọ. A ti wá irú rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, a wá a dé Ondó, kò sí. Àwọn dókítà ìjọba ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó ní oògùn lọ́wọ́ sì ń tọ́jú rẹ̀ fún ará ilé tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọ kan ní Bìní ni wọ́n ní mo ti lè rí i. Ohun tó gbé wa dé ojú ọ̀nà nìyẹn ní àkókò tí ẹni tí kò bá nídìí pàtàkì kì í rìn.

Nínú ìjọ wa, arìnrìn-àjò kì í lọ láìjẹ́ pé wọ́n wọ́n omi àdúrà sí ẹrù rẹ̀. Ìyá Ìjọ ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà láìwọ bàtà, ìgò omi lọ́wọ́. Ó wọ́n ọn sí àpò wa, ó wọ́n ọn sí orí wa, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ohun tí Ìbídùn dì mú.

"Kí lèyí?"

"Géèmù ni, mà. Àbúrò Màmá ló fi ránṣẹ́."

Ìyá Ìjọ gbà á, ó gbé e súnmọ́ àtùpà. "Ẹ wò ó! Agbélébùú wà lára rẹ̀!"

Òótọ́ ni. Lápá òsì, níbi tí àtàǹpàkò ń gbé, bọ́tìnì dúdú kan wà tó rí bí agbélébùú. Òun ni wọ́n fi ń darí ẹni tó wà nínú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. N kò tíì là á yé e tí ó fi da omi sórí agbélébùú náà lẹ́ẹ̀mẹta, ní orúkọ Baba, ní ti Ọmọ, ní ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó ní, "Èyí ni yóò máa ṣáájú yín lọ."

Mo fi etí ìró mi nù ún. Ta ló tó bá Ìyá Ìjọ jiyàn ní ìdájí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí géèmù náà ṣe rí fún ẹ̀yin tí kò tíì rí irú rẹ̀. Kò tóbi ju Bíbélì tí wọ́n ń kì bọ àpò lọ, bátìrì kékeré mẹ́rin ni ó ń lò. Àwọn méjì máa ń jà lójú dígí rẹ̀, wọ́n ń gbára wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọ́n ń ta ara wọn nípàá. Lókè wọn, ọ̀pá dúdú méjì wà tó ń fi agbára wọn hàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló ṣubú. Àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, sọ pé inú àpótí tó ga ju èèyàn lọ ni wọ́n ti ń ja ìjà náà tẹ́lẹ̀ ní òkè òkun, pé èèyàn á sọ owó irin sí i kó tó lè jà. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí Ìbídùn bá ti ń ta á, èémí rẹ̀ máa ń rọlẹ̀, ó ń lọ déédéé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ra bátìrì.

Ọ̀kadà gbé wa dé Ọ̀rẹ̀. Ìlà ọkọ̀ tó ń dúró de epo ti gùn kọjá oríta. Ọgọ́rin náírà ni wọ́n ń gbà dé Bìní; àádọ́ta ni kí epo tó wọ́n. Awakọ̀ wa, Bàbá Dèjì, jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀, ẹlẹ́fẹ̀ ni.

"Yèyé, ẹ jókòó níwájú."

"Atẹ́gùn pọ̀ níwájú," mo ní.

"Ẹ lọ ẹ̀yìn, nígbà náà."

"Ẹ̀yìn ni èéfín ti ń wọlé."

"Ṣé kí n gbé yín sórí àjà ọkọ̀ ni? Àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ kò ní bá yín jà."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Àárín la jókòó sí, mo sì ti fèrèsé.

A kò tíì rìn jìnnà tí Ìbídùn fi fọwọ́ kàn mí. "Màmá, kò lọ síwájú mọ́. Ó ń fà sẹ́yìn, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fò sókè, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, kò lọ síwájú."

Omi Ìyá Ìjọ ni. Mo ní kó máa ta á bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà náà burú lẹ́yìn Òfòsù. Àwọn kòtò ibẹ̀ gba odindi táyà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń kó igbín àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí etí kòtò náà gan-an, nítorí wọ́n mọ̀ pé gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọra níbẹ̀. Nílé, oríta là ń wá tí a bá fẹ́ tajà.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà dá wa dúró. Wọ́n ti fi igi dínà. Èyí tó yọ orí wọlé gbọ́ ariwo géèmù náà, tí-tí-tí, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ta ló ní rédíò níbẹ̀? Gbogbo yín, ẹ bọ́ sílẹ̀!"

Ẹ ó rántí pé nígbà náà, wọ́n ń wá ẹ̀rọ tí àwọn kan fi ń sọ̀rọ̀ tako ìjọba ológun. Ọ̀gá wọn jókòó sábẹ́ igi lórí àga onírin. Pìjín ló ń sọ. Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá fún yín. Ó gba géèmù náà, ó yí i po, ó gbé e sétí. "Ta ni ẹ̀ ń fi èyí bá sọ̀rọ̀?"

"Nǹkan ìṣeré ọmọ ni, sà."

"Nǹkan ìṣeré? Ẹni tó ni ín máa bá wa lọ sí bárékè. Awakọ̀ náà pẹ̀lú."

Bàbá Dèjì, tó ń ṣẹ̀fẹ̀ ní ìdájí, ti dọ̀bálẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ àyà Ìbídùn. Ó ti ń súfèé. Mo yára ki ọwọ́ bọ kọ́mú mi.

"Má mira!" Ìbọn ti kọjú sí mi. Ṣọ́jà tó yọ orí wọlé níṣàájú, ọmọ Yorùbá kan, gba ike náà lọ́wọ́ mi. "Kí lèyí náà?"

"Oògùn ni! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Fìì! Oògùn fò lọ sínú afẹ́fẹ́, mo sì rí i tó ń lọ bí ẹni ń wo omi tó ń ṣàn kúrò nínú ìkòkò fífọ́. Ó tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," Ìbídùn ní, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìjà inú géèmù náà hàn yín."

Mo fà á sẹ́yìn. "Ẹ gbé e lọ, sà, ẹ gbé e, a kò fẹ́ ẹ mọ́—"

"Màmá," ó ní, "bí wọ́n bá gbé e láìmọ ohun tó jẹ́, ẹ̀yin náà ni wọ́n máa gbé."

Ọ̀gá wọn wò ó pẹ́. Ó na géèmù náà sí i. "Fi ìjà ọ̀hún hàn mí. Bí ó bá jẹ́ irọ́, o máa rí mi."

Ìbídùn kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, géèmù wà lórí orúnkún rẹ̀. Ẹni tó fi ń jà ni ọmọbìnrin onírun gígùn tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Àbẹ̀kẹ́. Òkìtì ọkùnrin kan ló jáde sí i, tí ejìká rẹ̀ gba ìdajì dígí náà. Àbẹ̀kẹ́ kò lè lọ bá a. Ó ń sẹ́yìn, ó ń sẹ́yìn, ó ń fi apá bojú, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan etí dígí. Ọ̀pá agbára rẹ̀ ń kúrú. Àwọn ṣọ́jà mẹ́rin ti yí wa ká. N kò wo dígí náà mọ́; ejìká ọmọ mi ni mo ń wò, bí ó ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀.

"Ó ti há sígun!" ni ṣọ́jà Yorùbá kígbe. "Jà, jàre! Kí lò ń dúró dè?"

Òun ni Ìbídùn ń dúró dè, òkìtì ọkùnrin náà. Ó fò wá láti fi gbogbo ara wó lu Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbá a ní àgbọ̀n láti ìsàlẹ̀. Ó tún wá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ọkùnrin náà nà gbalaja, àwọn ṣọ́jà sì hó bí ẹni tó wà ní pápá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀gá wọn gba géèmù náà, ó fẹ́ jà. Ó ń tẹ agbélébùú síwájú, ó ń tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, Àbẹ̀kẹ́ dúró gbagidi, wọ́n lù ú ṣubú kíá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá náà kọjú sí Ìbídùn.

"Kí ló dé tí kò lọ síwájú?"

"Omi wọ̀ ọ́, sà," Ìbídùn dáhùn. "Mo kàn ń jẹ́ kí wọ́n wá bá mi ni."

Ọ̀gá náà wo géèmù, ó wo ọmọ, ó wo ìyá rẹ̀. Ó na géèmù náà padà sí Ìbídùn. "Ẹ fún un ní oògùn rẹ̀."

Ìbídùn fà á lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó fà á lẹ́ẹ̀kejì, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Wọ́n ní kí a máa lọ, a wọ ọkọ̀. Bàbá Dèjì tẹná mọ́ ọkọ̀ títí a fi sọdá odò Ọ̀vìá.

A rí oògùn náà ní Bìní, ike méjì. Nọ́ọ̀sì tó kó o fún wa kí wa ní "Kóyo", bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀ nìyẹn, ìgbàkígbà tó bá jẹ́. Ní ilé oúnjẹ, wọ́n gbé úsì wá fún wa: sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí àwa fi ń lọ aṣọ ní Odígbó ni wọ́n rò pẹ̀lú epo pupa, ó ń fà bí rọ́bà. Ìbídùn jẹ ẹ́ tán. Èmi ò jẹ ju òkèlè méjì lọ.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣọ́jà Yorùbá yẹn rí wa lójú fèrèsé. "Ìyá Dúró-Dè-É!" ó ké sí ọmọ mi. "Kò tíì lọ síwájú?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n!"

Ó gbé igi kúrò lọ́nà.

Ìyá Ìjọ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé mo wí àbí n ò wí? Ó ṣáájú yín àbí kò ṣáájú yín?" Ìbídùn wò mí, mo wò ó, a jọ dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, mà."

Ọjọ́ kejì, Ìbídùn tú ẹ̀yìn géèmù náà, ó sá a sóòrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó lórí ẹní, ó sì ń yí i padà bí a ṣe ń yí kòkó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé e wá bá mi. "Màmá, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò."

Mo gbà á. Òkìtì ọkùnrin yẹn jáde sí mi. Mo ń sẹ́yìn, mo ń fi apá bojú, mo ń sẹ́yìn, títí etí dígí fi kàn mí lẹ́yìn.

"Màmá, ó ti gbẹ o," ọmọ mi ní, èémí rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ létí mi. "Ó ti ń lọ síwájú. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́.