Ohun Tí Ìyá Zayd Dá Nọ́ọ̀sì Lóhùn

Nígbà tí Ìyá Zayd ṣì ń ta òwú ìránṣọ ní Bolori, ìkíni rẹ̀ máa ń pẹ́ ju ọjà tí èèyàn wá rà lọ. Ẹ lè wá ra abẹ́rẹ́ kan péré. Yóò kọ́kọ́ béèrè bí ẹ ṣe jí, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè bí ẹ ṣe ń bá ooru yí, nítorí ooru Maiduguri tó ohun tí à ń kí ara ẹni sí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni yóò tó béèrè ohun tí ẹ fẹ́ rà. Mo ti rí oníbàárà tó ń wo aago níwájú rẹ̀. Oníbàárà yẹn náà ni mo tún bá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Mùínátù lorúkọ Ìyá Zayd gan-an. Maiduguri ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ìnísà wá, òwú ni bàbá náà sì ń tà fún àwọn tó ń fọwọ́ ṣe ọnà sára fìlà, fìlà Borno tó le gan-an tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń dé lọ sí mọ́sálásí. Mùínátù jogún òwú náà. Kò lọ ilé ìwé. Hausa ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù, ó gbọ́ Kanuri tó tó láti fi tajà, Yorùbá rẹ̀ sì dà bí aṣọ tí wọ́n fi òwú àwọ̀ mìíràn lẹ̀: kò ya, ṣùgbọ́n ojú ń rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Hajiya Mai Zare ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, Hájíà tó ń ta òwú. Àwa ọmọ Yorùbá ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é.

Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún kó tó ní òun fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà náà ni àwọn NGO kún ìlú, nítorí ogun ti lé àwọn ará oko wọ ìgboro. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin òyìnbó kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ra òwú fún àwọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ní ibùdó àwọn tí ogun lé. Ó ní, "Good morning, Mama." Islamiyyat, ọmọ-ọmọ Ìyá Zayd tó ń lọ ilé ìwé girama, ló dáhùn. Òun náà ló tajà, òun ló dágbére. Ìyá Zayd kàn dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló wọ kẹ̀kẹ́ Napep wá bá mi ní Ngomari.

"Ìyá Fẹ́mi," ó ní, "àlejò wọ ilé mi, ọmọdé ló kí i. Èmi dúró bí àpò òwú. Ẹ kọ́ mi ní ìkíni. Ìkíni nìkan. Mi ò fẹ́ ìyókù."

Mo ní, "Ìkíni nìkan kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì."

"Bí èèyàn bá ti kíra wọn tán, kí ló tún kù?"

Ìyàwó ọlọ́pàá ni mí, ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Inú ìwé àwọn ọmọ mi ni mo ti ń ṣa á, lọ́rọ̀ kan lọ́rọ̀ kan, nínú bárékè. Ohun tí èèyàn bá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa jọ, kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn gé e kù. Bí mo ṣe ń kọ́ Ìyá Zayd àti àwọn tó kù nìyẹn. Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n, gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì, lábẹ́ igi dóńgóyárò inú ọgbà mi. Bí mo bá gbójú sókè níbi tí mo jókòó sí yìí, mo ṣì ń rí wọn, ìjókòó pákó méjì, ẹfun lọ́wọ́ mi, ewé tó ń já bọ́ sórí ìbòrí wọn.

Ràfíátù wà lára wọn, ó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló fa òfin kan tí mo ṣe. Ṣójà kan dá a dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "How are you?" Ràfíátù bá bẹ̀rẹ̀. Ó fi Hausa sọ ti òrùlé tó ń jò, ó fi Yorùbá sọ ti ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ṣójà tí kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀ wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ, kó jọ̀ọ́ máa lọ.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ràfíátù ní, "Ṣé èmi ni mo bi ara mi ni? Òun náà ló béèrè!"

Mo ní Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè òrùlé. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: "I am fine, thank you. And you?" Mo ní ìyẹn ni kí wọ́n sọ, kí wọ́n má fi kún un, kí wọ́n má yọ nínú rẹ̀. Mo mú wọn sọ ọ́ lógún ìgbà. Ìyá Zayd ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n láìkọsẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìparí rẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Ó ń béèrè ti ẹnìkejì padà." Kò sì lè sọ ọ́ láìtẹ orúnkún díẹ̀. Mo sọ fún un pé òyìnbó kì í kúnlẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe òyìnbó.

Èmi ni mo kọ́ ọ. N kò lè yọ ọwọ́ mi nínú ohun tó tẹ̀ lé e.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, ìṣó gún Ìyá Zayd lẹ́sẹ̀. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà lára, egbò náà kò sì jinná. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Làtíì, àbúrò rẹ̀, ní ilé ìwòsàn ńlá kan, Làtíì kò sì lo ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Látìgbà náà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kan ń wá sí pápá kan ní Khaddamari láwọn ọjọ́ Mọ́ńdè, abẹ́ àgọ́ ni wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní àwọn wọ̀nyẹn kò ní yàrá tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀. Ó mú Islamiyyat, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dé kíláàsì pẹ̀lú ìdùnnú. Islamiyyat sìn ín wá, ojú ọmọ náà kò dùn.

"Ẹ bá mi yọ̀, Ìyá Fẹ́mi. Nọ́ọ̀sì kí mi, mo dá a lóhùn, mi ò gé e kù."

"Kí ló sọ?"

"'How are you, Mama?' Mo ní, 'I am fine, thank you. And you?' Ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi dáa. Ó sọ fún ọmọ tó ń bá a túmọ̀ Hausa pé kó jẹ́ kí àwọn lọ bá ẹni tó kàn."

Ràfíátù pàtẹ́wọ́. Èmi béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì ibo?"

Ìyá Zayd fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó. Islamiyyat, tó ń pe ìyá àgbà rẹ̀ ní Kaka, ló dáhùn. "Ti Khaddamari ni, mà. Ẹsẹ̀ Kaka là ń gbé lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn ló ń ṣa àwọn tí tiwọn le jù kí dókítà kọ́kọ́ rí wọn. Kò ṣa Kaka. A jókòó títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́, kò kàn wá. Wallahi, mo ní kí n pè é padà, Kaka ní kí n jókòó."

Mo ní kí Ìyá Zayd bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó bọ́ ọ, Ràfíátù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ti dúdú, ẹsẹ̀ ti wú títí dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ìyá Zayd, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Mo ń retí rẹ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Mo ní yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, tó bá wá kan ohun tó gbé mi wá, màá sọ ọ́. Kí n tó gbójú sókè, ó ti wà lọ́dọ̀ ẹni kẹta."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, "Ibi tí wọ́n ti gé ti Làtíì? Ẹ kúkú rán mi lọ Ìnísà lọ kú." A bẹ̀ ẹ́ títí. Khaddamari nìkan ló gbà láti padà sí, bẹ́ẹ̀ Mọ́ńdè kan ṣoṣo ló kù fún àwọn dókítà náà níbẹ̀.

Mo nu pátákó. Mo kọ ọ́ pé: "I am not fine." Mo ní kó sọ ọ́.

"Rárá."

"Gẹ̀ẹ́sì ni, Ìyá Zayd."

"Bó ṣe Lárúbáwá ni. Ṣé ẹ gbọ́ Hausa? Bí wọ́n bá ní 'Ina kwana?', ẹni tí òkú sùn nílé rẹ̀ pàápàá, 'Lafiya' ló ń kọ́kọ́ sọ, pé àlàáfíà ni. Ọlọ́run jí mi, ẹlòmíràn ní ṣé mo jí ire, kí n ní rárá? Ta ni mò ń bú, òun ni àbí Ọlọ́run?"

"Ẹ bú ẹsẹ̀!" Ràfíátù ni. "Ẹsẹ̀ ò ní bínú sí yín."

Ìyá Zayd fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó dà bí ẹni pé Ràfíátù ti sọ nǹkan gidi. N kì í yára. Mo dúró níwájú pátákó náà fún ìgbà díẹ̀, mo tún un nù, mo wá kọ ọ́ pé: "I am fine, thank you. My leg is not fine." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Èmi dáa, ẹsẹ̀ ni kò dáa," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyẹn kì í ṣe irọ́." Ó rò ó. "'And you' ńkọ́?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, yóò rò pé ó ti parí, yóò lọ."

"Kí èèyàn kí mi, kí n má béèrè tirẹ̀?"

Èmi tí n kì í jẹ́ kí wọ́n gé e kù, èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ kó gé e.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá wọn lọ. Wọ́n ta okùn yí àwọn aláìsàn ká, wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé, nítorí èrò pọ̀. Ìyá Zayd nìkan ló wọlé. Èmi àti Islamiyyat dúró lẹ́yìn okùn, kò jìnnà ju ibi tí a ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ń bọ̀ lórí ìlà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dá Ìyá Zayd mọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ah, Mama! How are you today?"

Ìyá Zayd fẹ́ tẹ orúnkún, ẹsẹ̀ kò jẹ́. "I am fine, thank you."

Nọ́ọ̀sì náà mi orí, ó ti ń yí padà. Mo rí ẹnu Ìyá Zayd tó là. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde níbẹ̀. Ó pa ẹnu náà dé. Ó na ọwọ́, ó di apá aṣọ ọmọbìnrin náà mú, ohun tí n kò rí kó ṣe sí àlejò rí.

"My leg," ó ní, "is not fine."

Ó fa ìró sókè, ó fa ìbọ̀sẹ̀ wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé àga oníkẹ̀kẹ́ wá. Ìyá Zayd ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé láàárọ̀ yẹn.

Dókítà ní bó bá tún fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ sí i, láti orúnkún ni wọn ì bá ti gé ẹsẹ̀ náà. Ọmọ-ìka kan ló lọ. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé sí ilé ìwòsàn ńlá fún un kí wọ́n máa wẹ egbò náà, ó gbà láti lọ, nítorí nọ́ọ̀sì náà bá a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì jókòó tì í. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó jinná. Ó ta òwú fún ọdún mẹ́rin sí i lẹ́yìn rẹ̀.

N kò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ báyìí. Ràfíátù ti kó lọ sí Jos. Zayd wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Ìnísà lọ́dún tó kọjá, láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ga. Mo di apá rẹ̀ mú kí n tì í gòkè.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá Fẹ́mi," ó ní. "Ẹsẹ̀ mi ni, ó sì dáa."

Mo fi í sílẹ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì, ó gòkè.