Òfin Ìbafò Tó Gba Ìyá Ẹ̀fúùfù Lọ́wọ́ Mi

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ọ̀kan fún yín nínú àwọn nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi tí inú mi ò tíì rọ̀ sí títí dòní. Ọ̀rọ̀ káàdì ni. Bẹ́ẹ̀ ni, káàdì tí wọ́n fi ń ṣeré. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Mo ti ṣe WAEC tán nígbà yẹn, mò ń dúró de JAMB nílé wa ní Mowe. Ayé ìgbà tí èèyàn ṣì ń lọ pe fóònù lábẹ́ ambúrẹ́là létí títì ni. Bàbá wa máa ń jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, màmá wa á lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta aṣọ ọmọ ọwọ́, á wá ku èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Túnjí, nílé. Bọ̀dá Túnjí ló kọ́ mi ní géèmù náà.

Bó ṣe rí nìyí. Èèyàn méjì ló máa ń kojú ara wọn. Oníkálùkù á ṣa ogójì káàdì jọ, ìyẹn là ń pè ní dẹ́ẹ̀kì. Àwọn káàdì kan jẹ́ ajagun, wọ́n sì kọ iye agbára wọn sí wọn lára. Àwọn yòókù jẹ́ májíìkì, ìyẹn ọfọ̀ tí wàá jù sílẹ̀ láti ran ajagun rẹ lọ́wọ́. Ajagun ńláńlá ni gbogbo àdúgbò ń lé kiri. Ta ló fẹ́ gba ti májíìkì?

Èmi ni mo gba tiẹ̀. Káàdì ìyá arúgbó kan wà lọ́wọ́ Bọ̀dá Túnjí, ó di ọ̀pá mú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ rẹ̀. Orúkọ òyìnbó gígùn kan ló wà lórí rẹ̀, àmọ́ Ìyá Ẹ̀fúùfù là ń pè é. Agbára rẹ̀ kéré débi pé Bọ̀dá Túnjí fi ń ṣe àmì nínú Bíbélì rẹ̀. Mo ní kó fún mi, ó fún mi, mo bá ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí ẹni tó ń lò ó bá ju májíìkì kan, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po méjì.

Ẹ gbọ́ o, ìlọ́po méjì! Tí mo bá ju mẹ́rin léraléra nígbà tó bá kàn mí, ajagun wo ló fẹ́ dúró níwájú rẹ̀?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó májíìkì jọ. Oṣù mẹ́ta ló gbà mí. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ń fún mi ní tiwọn bí ẹni ń da ìdọ̀tí nù. Mo yọ àwọn ajagun kúrò nínú dẹ́ẹ̀kì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi májíìkì tó ń jẹ́ kéèyàn mú káàdì kún káàdì rọ́pò wọn. Ẹyọ kan péré ló kù mí kù, èyí tó lè dá májíìkì tí mo ti lò padà sọ́wọ́ mi. Ìgbà tí màmá rán mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ifọ̀ ni mo rí i lọ́wọ́ ọmọ onílé wọn. Kò gbà láti fi sílẹ̀ àfi tí mo gbé dírágónì mi fún un, ajagun tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí mo ní. Mo ro ó títí, mo gbé e fún un.

Màmá rí káàdì Ìyá Ẹ̀fúùfù lọ́jọ́ kan, ó bi mí bóyá àjẹ́ ni obìnrin yẹn. Mo ní àwòrán lásán ni. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀, ó ní kí n má ṣáà gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó yá, àwọn ará Ìbafò ní àwọn fẹ́ bá Mowe figẹ̀ wọngẹ̀. Bọ̀dá Túnjí lọ bá wọn ṣètò rẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday. Ẹni mẹ́ta á kojú ẹni mẹ́ta, ẹni tí wọ́n bá nà á jẹ́ kí ẹni tó nà án mú káàdì kan tó bá wù ú. Èmi, Bọ̀dá Túnjí àti Sikiru tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa la lọ sí Ìbafò ní àárọ̀ Sátidé, sínú kíláàsì kan tí wọ́n ti ń ṣe lẹ́sìnnì.

Bọ̀dá Túnjí na tiẹ̀. Wọ́n na Sikiru. Ó wá kù sọ́wọ́ mi.

Kọ́lápọ̀ lorúkọ ẹni tó kojú mi. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń pè mí ní sísítà. Mo gbé Ìyá Ẹ̀fúùfù sílẹ̀. Mo ju májíìkì kan, agbára rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Mo fẹ́ ju èkejì, ni Kọ́lápọ̀ bá fọwọ́ bo orí tábìlì.

"Sísítà, májíìkì kan ṣoṣo la máa ń jù níbí. Ó di ìgbà tó bá tún kàn yín."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo wo àwọn tó yí wa ká, gbogbo wọn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, nítorí kò sẹ́ni tó rí ìwé òfin géèmù yẹn rí láàárín wa. Bí àdúgbò kọ̀ọ̀kan bá ṣe fẹ́ ni wọ́n ń ta á. Kọ́lápọ̀ wá sọ pé àwọn ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tó wá ṣètò.

Mo yíjú sí Bọ̀dá Túnjí. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Bọ̀dá Túnjí, ṣé wọ́n sọ ọ́ fún yín?"

"Wọ́n sọ ọ́. Mi ò rò pé ó ṣe pàtàkì."

Kò rò pé ó ṣe pàtàkì! Èèyàn tó ń rí mi lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta tí mò ń to májíìkì sórí bẹ́ẹ̀dì! Òun ṣáà kì í ju májíìkì, torí náà òfin yẹn ò kàn án.

Sikiru ní ká máa lọ sílé. Mo kọ̀. Mo ta á tán bẹ́ẹ̀, májíìkì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi kúrò nínú kànga. Ọwọ́ mi kún fún káàdì tí mi ò lè lò. Ó ku díẹ̀ kí n borí, ó ku díẹ̀ gan-an, àmọ́ ajagun tí ì bá gbà mí ti wà ní Ifọ̀. Kọ́lápọ̀ nà mí. Ó wá nawọ́ mú Ìyá Ẹ̀fúùfù.

Nígbà tí a délé, mo fi ẹjọ́ Bọ̀dá Túnjí sun màmá. Mo rò pé inú màmá á dùn pé káàdì yẹn ti lọ. Rárá o. Ó pe Bọ̀dá Túnjí jókòó, ó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì gbọ́ ọ dé òpin.

"Àbúrò rẹ mọ iṣẹ́ tó ṣe," màmá sọ fún un. "Ìwọ lo mọ ohun tó máa ba iṣẹ́ náà jẹ́, o wá pa ẹnu mọ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Bọ̀dá Túnjí bẹ̀ mí. Ó padà lọ sí Ìbafò lọ́sẹ̀ kejì láti bá mi gba káàdì mi, àmọ́ Kọ́lápọ̀ na òun náà, ó sì gba káàdì tiẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń ká mi lára jù ni pé Sikiru ní Ìyá Ẹ̀fúùfù kàn jókòó sínú dẹ́ẹ̀kì Kọ́lápọ̀ ni. Kò wúlò fún un. Báwo ló ṣe fẹ́ wúlò, níbi tí wọn kì í ti í ju májíìkì ju ẹyọ kan lọ?

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju pé kí èèyàn béèrè òfin ibi tó ń lọ fúnra rẹ̀. Má fi rán ẹni tí òfin yẹn ò ní dùn. Iṣẹ́ yòówù tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo máa ń béèrè débi pé àwọn èèyàn ń sọ pé ẹjọ́ mi ti pọ̀ jù. Ó yẹ kó pọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló mọ ohun tó máa ba iṣẹ́ yín jẹ́ tí kò sọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Bọ̀dá Túnjí náà máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ má wojú rẹ̀.