Réluwé Tó Há Sínú Òjò Dídì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Cyrille Adélànà fi wa réluwé láàárín Abidjan àti Ferkessédougou, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò sì rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, ni wọ́n bí i sí. Kétu ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìdílé Kátólíìkì ni wọ́n. Mọ́síùrá ìyàwó rẹ̀, ọmọ oníṣòwò Mùsùlùmí láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Treichville kan náà ni òun náà dàgbà sí. Tẹbí tọ̀rẹ́ ló kọ ìgbéyàwó náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún kẹtàdínlógójì báyìí tí wọ́n jọ ń gbé ní Abobo, tí ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí èkejì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá àti ẹran Kérésì.

Ìgbà tí Adélànà fẹ̀yìn tì ni ilé kò rọgbọ mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ jíjí kùtùkùtù kò mọ ohun tí yóò máa fi ọjọ́ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ilé. Ó to ìkòkò ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe tóbi jura wọn lọ. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó kọ àkókò oúnjẹ sí i. Bí attiéké, oúnjẹ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, bá fi ìṣẹ́jú mẹ́fà pẹ́, yóò wo aago ọwọ́ rẹ̀, yóò wo Mọ́síùrá, kò sì ní sọ nǹkan kan.

"Ì bá sàn kó sọ̀rọ̀," ni Mọ́síùrá sọ fún ọmọ wọn lórí fóònù. "Wíwò yẹn ló ń pa mí. Clémentine, wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ kí n tó kó ẹrù mi padà sí Treichville."

Nọ́ọ̀sì ni Clémentine, òun nìkan ni wọ́n bí. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gbé ẹ̀rọ géèmù wá sílé, pẹ̀lú géèmù kan nínú páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n ya réluwé sí lára. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Eré ọmọdé! Ṣùgbọ́n nígbà tí Clémentine ki sídíì bọ inú ẹ̀rọ, tí yàrá awakọ̀ hàn kedere lójú tẹlifíṣọ̀n, tòun ti bíréèkì, tòun ti iná àmì pupa àti àwọ̀ ewé, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú.

"Ẹni tó ṣe eléyìí," ló wí jẹ́jẹ́, "ti wa réluwé rí."

Láti ọjọ́ náà ni àlàáfíà ti padà sílé. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ gérégé, Adélànà yóò ti wẹ̀, yóò ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, yóò sì gbéra. Ìlú òtútù òkè òkun ni àwọn ìlú inú géèmù náà, orúkọ wọn sì le lẹ́nu. Kò bá wọn pè é, orúkọ àwọn ibùdó ọ̀nà tó ti ń wà tẹ́lẹ̀ ló fi sọ wọ́n. Ó pe ibùdó àkọ́kọ́ ní Anyama, ó pe èkejì ní Agboville, ó sì pe èyí tó wà lórí òkè, tí òjò dídì bò láti òrùlé dé ilẹ̀, ní Dimbokro. Ẹni tó bá mọ Dimbokro, tó mọ bí oòrùn ibẹ̀ ṣe ń jó èèyàn, kò ní lè ṣàìrẹ́rìn-ín.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí èrò ọkọ̀. Mọ́síùrá gba àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á máa bó ẹ̀pà. Yacouba, tó ń wa wôrô-wôrô, takisí tí èrò máa ń jọ wọ̀, a máa yà bó bá ti gbé èrò àárọ̀ tán. Ọmọ Yorùbá ni Yacouba, ṣùgbọ́n Faransé àti Jùlá ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù.

"Vieux père, bàbá àgbà, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀!" ni yóò máa pariwo. "Màlúù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn ti fẹ́ yà wá sílẹ̀."

"Sọ̀ kalẹ̀ kó o lọ wọ màlúù," ni Adélànà yóò dá a lóhùn, kò sì ní gbé ojú kúrò lọ́nà.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi wà á bẹ́ẹ̀. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti dá ọkọ̀ dúró ní Dimbokro kí ó lè lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tó wá tan ẹ̀rọ, ọkọ̀ kò hàn, yàrá awakọ̀ kò hàn. Ojú tẹlifíṣọ̀n tó dúdú ló rí, pẹ̀lú ìlà Faransé méjì: iṣẹ́ yìí ti parí, a dúpẹ́ pé ẹ bá wa rìnrìn àjò.

Adélànà kò bínú. Ó gbà pé iná pupa ni, bí iná bá sì pupa, ìdúró ni. Ó jókòó títí di ọ̀sán. Ó jókòó lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, Mọ́síùrá wọ ilé ìdáná, ó bá àwọn ṣíbí rẹ̀ tí wọ́n ti tò bí wọ́n ṣe gùn sí. Ó gbé fóònù lójú ẹsẹ̀.

Clémentine dé, ó yẹ ẹ̀rọ wò, ó ka nǹkan lórí fóònù rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Papa, kò bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù yìí ní ẹ̀rọ ńlá kan níbi tí wọ́n wà. Wọ́n ń pè é ní serveur. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan géèmù, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló máa ń gbà lọ bi ẹ̀rọ yẹn bóyá kí ó ṣí. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ yẹn. Kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn mọ́."

"Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń ṣe é. Mi ò bá ẹnì kankan ṣeré."

"Mo mọ̀, Papa. Síbẹ̀, ó ní láti gba àṣẹ."

Adélànà yọ sídíì náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Kí wá ni èyí tó wà lọ́wọ́ mi? Ìkòkò tí ìyá rẹ rà ní Treichville, bí ẹni tó tà á bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ṣé ìkòkò yóò kọ̀, kò ní gbóná mọ́ ni?"

Clémentine júwe ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Adélànà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Treichville, sí ṣọ́ọ̀bù tí Clémentine ti ra géèmù náà. Sìrájù ló ni ín, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ kan tí bàbá rẹ̀ ti ń ta rédíò níbẹ̀ kí òun tó máa ta géèmù. Ó gbé àga fún bàbá náà, ó fún un lómi tútù, ó sì gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, Bàbá," ló wí. "Bí wọ́n ṣe kó o fún mi nínú páálí ni mo ṣe tà á. Ẹ wo ibí yìí."

Ó fi ìka hàn án níbi ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn páálí, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Adélànà wọ jígí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé géèmù náà nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, àti pé ìyọ̀ǹda láti lò ó ni wọ́n fún ẹni tó rà á. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò parí.

"Lójú páálí, lẹ́tà ńlá, wọ́n ní kí n wá di awakọ̀," ni Adélànà wí. "Lẹ́yìn páálí, lẹ́tà kékeré, wọ́n sọ mí di èrò ọkọ̀."

Sìrájù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ní èèyàn mẹ́ta ti wá fi ẹjọ́ kan náà sùn láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ kan sí ìwé pélébé, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Adjamé. Ó ní kí bàbá béèrè Djibril.

Kí Adélànà tó lọ, ó jókòó sídìí tábìlì nílé, ó sì kọ ohun tó mọ̀ ọ́n kọ jù láyé. Ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ ni, irú èyí tí awakọ̀ máa ń kọ fún ọ̀gá nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú irin. Faransé rẹ̀ gún régé, lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ohun tó kọ nìyí:

"Èmi, Cyrille Adélànà, awakọ̀, ń fi tó yín létí pé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, réluwé mi wà ní ìdúró ní Dimbokro, kò sì lè kúrò níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò bàjẹ́. Irin kò já. Awakọ̀ kò mutí. Ohun tó fà á ni pé ọ́fíìsì tó ń tan iná àmì ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lọ, wọn kò sì sọ fún awakọ̀. Èrò méje ló wà nínú ọkọ̀. Òjò dídì ń rọ̀. Mi ò ní kí ọ́fíìsì yín wà ní ṣíṣí títí ayé. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ ti ọ́fíìsì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún awakọ̀, kí ó lè gbé èrò rẹ̀ délé."

Àwọn èrò méjèèje fọwọ́ sí i. Yacouba fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀ orúkọ tirẹ̀, pé kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó ṣẹlẹ̀ pàápàá, ọkọ̀ náà kì í yára.

Nígbà tí Djibril ka ìwé náà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ̀rín pa á débi pé ó gbórí lé tábìlì. Lẹ́yìn náà ó tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Doyen," ló wí, "ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí kí ó yé èèyàn. Ẹ̀yin ṣàlàyé ẹ̀ sínú ojú ìwé kan. Mi ò ní parọ́ fún yín o, òfin kò tíì sọ ọ́ kó dá ṣáká. Ṣùgbọ́n a ó fi ránṣẹ́ sí wọn, a ó sì gbé e síta kí ayé rí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ìwé náà rìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Àwọn tí géèmù náà kú mọ́ lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn ń kọ̀wé wá pé àwọn náà wà ní Dimbokro, kí awakọ̀ má gbàgbé àwọn. Mọ́síùrá ní tirẹ̀ kò dúró de íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó mú bébà, ó lọ sí ọjà Treichville láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àwọn tó bá níbẹ̀ kò rí géèmù sójú rí.

"Ṣé ohun tí a bá rà, kó jẹ́ tiwa, àbí kó má jẹ́ tiwa?" ló ń bi wọ́n.

"Kó jẹ́ tiwa ni, kí tún ni!"

"Ó dáa. Fọwọ́ síbí."

Igba ó lé mọ́kàndínlógún èèyàn ló fọwọ́ sí i kí ó tó padà sílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ilé iṣẹ́ náà dáhùn. Wọ́n tọrọ gáfárà, wọ́n sì ní àwọn yóò fún Ọ̀gbẹ́ni Adélànà ní géèmù réluwé tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Yacouba ti fò sókè. Mọ́síùrá pàápàá rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Adélànà ní kí Clémentine bá òun wò ó bóyá géèmù tuntun náà nílò íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí. Clémentine wò ó. Ó nílò rẹ̀.

Bàbá náà tún lẹ́tà wọn kà. Ó wù ú. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí i lójú rẹ̀ pé ó wù ú gan-an.

"Wọ́n fẹ́ kí n kó èrò mi bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn," ló wí níkẹyìn, "tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tún wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó wà ní Dimbokro pẹ̀lú mi ńkọ́? Kọ̀wé sí wọn pé mo dúpẹ́. Mo kọ̀."

Djibril gbé èsì yẹn náà síta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn kọjá, ni ilé iṣẹ́ náà bá kéde pé àwọn yóò gbé àtúnṣe kan jáde fún gbogbo ẹni tó ra géèmù náà, kí ó lè máa ṣí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan tó bá wọn ṣe géèmù náà kọ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí Adélànà. Ó ní bàbá òun wa réluwé, òun gan-an ló sì ya yàrá awakọ̀ inú géèmù yẹn.

Lọ́jọ́ tí Clémentine wá fi àtúnṣe náà sínú ẹ̀rọ, ilé kún. Sìrájù wá láti Treichville. Ó ní òun ti ya àwọn géèmù tó ń ṣí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù òun, òun sì kọ ọ́ gàdàgbà sára wọn. Nígbà tí àtúnṣe wọlé tán, Adélànà dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì lára ògiri, ó sì padà jókòó. Ó tan ẹ̀rọ, ó yan ibùdó orí òkè.

Dimbokro hàn, funfun báláú. Ariwo sọ.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló padà o. Ìrìn àjò irinwó ó lé méjìlá tí ó ti rìn, inú ẹ̀rọ tí wọ́n pa ni wọ́n kọ wọ́n sí, wọ́n sì ti lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, géèmù kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ ni. Yacouba rí i, ó ń fò kiri yàrá.

"Apprenti! Vieux père ti di apprenti!"

Adélànà wò ó, ó wo ọ̀rọ̀ náà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fọn fèrè, ó tú bíréèkì, ọkọ̀ sì gbéra.

Djibril bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kó máa bá àwọn èèyàn kọ ẹjọ́ wọn sílẹ̀. Ó gbà. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá bá a ni Ràmílátù, aránṣọ kan láti Abobo Gare, tí ẹ̀rọ tó fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti yọwọ́ nínú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó tún ń bú wọn. Adélànà fa àga fún un, ó ní kó fara balẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ ọjọ́ àti aago tó ṣẹlẹ̀.